Rédà Bàálù Ajagun: Ìbéèrè Tó Yẹ Ká Bi Nọ́ńbà Inú Ìwé Ìpolówó

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ nílùú Ìbàdàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ bàálù. A tún un tò díẹ̀ kó lè rọrùn láti kà.

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí àríyànjiyàn ti sábà máa ń gbóná. Ẹnì kan á ní rédà Su-35 ti Rọ́ṣíà ń rí 400 kìlómítà, nítorí náà kò sí bàálù tó lè kò ó lójú. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, F-22 ti Amẹ́ríkà á ti já a lulẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì kà jáde nínú ìwé ìpolówó, kò sì sí èyí tó béèrè ohun tí nọ́ńbà náà ń wọ̀n.

Lóòótọ́ ni àwọn tó ṣe Irbis-E, rédà inú Su-35, kọ 400 kìlómítà sílẹ̀. Àmọ́ gbólóhùn kan tẹ̀lé e tí àwọn èèyàn kì í kà dé. Ohun tí rédà náà ń wá gbọ́dọ̀ tóbi tó mítà onígun mẹ́rin 3 lójú rédà. Ó gbọ́dọ̀ kọjú sí i, kó máa bọ̀ tààrà, kó sì wà lókè níbi tí ilẹ̀ kò ti sí lẹ́yìn rẹ̀. Rédà náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa ojú ọ̀run yòókù tì, kó tẹjú mọ́ àyè kékeré kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ dígírì 10, tí gíga rẹ̀ náà jẹ́ dígírì 10. Ẹ yọ ọ̀kan ṣoṣo kúrò nínú wọn, 400 ti di nǹkan mìíràn.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ ṣe lónìí ni ká tú iṣu yìí dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí ẹni tó bá tún gbọ́ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lè mọ ìbéèrè tí yóò bi í. Ìṣirò díẹ̀ yóò wọ̀ ọ́, kò sì sí èyí tí ẹni tó jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì kò lè ṣe.

Bí ìgbì ṣe ń lọ tó ń bọ̀

Rédà ń ju ìgbì rédíò síwájú, ó dákẹ́, ó sì ń fetí sí èyí tó bá lu nǹkan padà wá. Ìgbì náà ń rin 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹyẹ ṣe ń fò, Ìbàdàn sí Ìlọrin tó nǹkan bí 140 kìlómítà. Ìgbì tó lọ Ìlọrin tó padà wá rin 280, kò sì gbà á tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Àkókò yẹn ni rédà ń wọ̀n, tó ń sọ ọ́ di jíjìn.

Apá yẹn rọrùn. Ohun tó ń ba ọkàn àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ jẹ́ ni agbára ìgbì tó padà. Bí ìgbì ṣe ń lọ ló ń fẹ̀. Nǹkan tó bá jìnnà ní ìlọ́po 2, ìdá kan nínú 4 agbára àkọ́kọ́ ló máa kàn án. Èyí tó lù ú padà tún ń fẹ̀ bákan náà bó ṣe ń bọ̀, ó tún pín sí 4. Ohun tó dé etí rédà wá jẹ́ ìdá kan nínú 16. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí rédà rẹ̀ ríran jìnnà ní ìlọ́po 2, tó sì jẹ́ pé iná nìkan ló fẹ́ fi ṣe é, yóò wá ìlọ́po 16 iná. Bó bá jẹ́ ìlọ́po 2 péré ló fi kún iná, rédà tó ń rí 100 kìlómítà á bẹ̀rẹ̀ sí í rí 119. Ṣé ẹ rí i pé gbogbo owó yẹn, 19 kìlómítà ló rà.

Òfin yìí kan náà ló ń sọ ohun tí ìfarapamọ́, ìyẹn kíkọ́ bàálù kó lè kéré lójú rédà, ń ṣe. Ẹ padà sí Irbis-E. Bí ohun tó ń bọ̀ bá jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 0.01 lójú rédà dípò 3, ó kéré ní ìlọ́po 300. Ẹ wá gbòǹgbò onípò mẹ́rin 300, ó jẹ́ 4 ó lé díẹ̀. Ẹ fi pín 400, ẹ ó rí nǹkan bí 96. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kọ 90. Ìyẹn ni pé ìwé kan náà tí àwọn ọ̀rẹ́ wa fi ń ṣe fọ́nńté ló sọ pé bàálù tó mọ̀ ọ́n fi ara pamọ́ lè sún mọ́ Su-35 tó bí Ìbàdàn ṣe jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí Su-35 tó rí i. Bí rédà náà bá sì ń wá káàkiri ojú ọ̀run dípò kó tẹjú mọ́ ibì kan, yóò tún sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà mìíràn tó yẹ ká ṣọ́ra fún ni ti iná. Wọ́n á ní Irbis-E ń ju kílówáàtì 20. Agbára tó ń jù ní ṣókí nìyẹn, nígbà tó bá la ẹnu. Bí a bá pín in ká gbogbo àkókò, kílówáàtì 5 ni. Èyí tí a pín ká yẹn ló ń pinnu bó ṣe ń ríran jìnnà tó.

Kí ló wá ń ran rédà lọ́wọ́ jù? Imú bàálù. Nígbà tí rédà bá tẹjú mọ́ ohun kan ṣoṣo, tí iná kò sì yí padà, bí a bá sọ fífẹ̀ áńtẹ́nà rẹ̀ di ìlọ́po 2, bó ṣe ń ríran jìnnà náà á di ìlọ́po 2, nítorí áńtẹ́nà yẹn ló ń jù, òun náà ló ń gbà. Ìdí nìyí tí MiG-31, tí áńtẹ́nà rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 1.1, fi ṣì ń bani lẹ́rù títí dòní bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1981 ló wọ iṣẹ́. Ti Su-35 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90. Imú Rafale ti Faransé kéré, áńtẹ́nà tó wà níbẹ̀ wà ní àyíká 60. Kò sí ọgbọ́n kọ̀ǹpútà tó lè sọ imú kékeré di ńlá.

Fífẹ̀ yìí kan náà ló ń sọ bí ìtànṣán rédà ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ bàálù ajagun ń lo ìgbì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3, ìyẹn fíríkúẹ́ńsì 10 GHz (ìgbì bílíọ̀nù 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan). Áńtẹ́nà sẹ̀ǹtímítà 60 á fún wa ní ìtànṣán dígírì 3.5. Bẹ́ ẹ bá dúró ní Alákíà tẹ́ ẹ nà án sí ọ̀nà Ìlọrin, yóò ti fẹ̀ tó kìlómítà 8 ààbọ̀ kó tó débẹ̀. Bàálù 2 tó bá fò sún mọ́ra nínú àyè yẹn lè hàn bí ẹyọ kan. Àwọn ológun mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń fò sún mọ́ra nítorí rẹ̀.

Ilẹ̀ ní ariwo

Nígbà tí rédà bá ń wo òkè, ojú ọ̀run dákẹ́. Nígbà tó bá ń wo ìsàlẹ̀, gbogbo òkè, páànù, igi àti odò ló ń dá ìgbì padà, èyí tó sì ń ti ilẹ̀ bọ̀ lágbára ju ti bàálù lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà ẹgbẹ̀rún. Ohun tó ń gba rédà ni ìyípadà tí ìrìn ń mú bá ìgbì, tí wọ́n ń pè ní Doppler. Bàálù tó ń sún mọ́ wa ní mítà 600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ń fi 40,000 hertz kún ìgbì 10 GHz. Ìyẹn jẹ́ 4 nínú mílíọ̀nù. Ẹ wo bí ohun tó ń pilẹ̀ ìgbì náà ṣe gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin tó. Bó bá gbọ̀n díẹ̀, ariwo ara rẹ̀ á bo ohun tó ń wá mọ́lẹ̀.

Àmọ́ rédà kì í rí Doppler àti jíjìn dáadáa lẹ́ẹ̀kan náà, ibí yìí sì ni ọgbọ́n pọ̀ sí jù. Bó bá ń ju ìgbì ní ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, jíjìn á ṣe kedere títí dé 150 kìlómítà, ṣùgbọ́n eré nǹkan á dàrú mọ́ ọn lójú, nítorí lẹ́yìn mítà 15 péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá ni òǹkà á ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ń jù ú ní ìgbà 100,000, òǹkà eré á nà dé mítà 1,500, ohun tó ń bọ̀ á sì yọ kedere kúrò lára ilẹ̀, ṣùgbọ́n jíjìn á dàrú lẹ́yìn kìlómítà 1.5. Nítorí náà àwọn rédà òde òní máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n á fi kíákíá wá ohun tó ń kò wọ́n lójú bọ̀, wọ́n á fi ti àárín, ní àyíká 10,000 sí 20,000, wá èyí tó ń sá lọ tàbí tó wà nísàlẹ̀, wọ́n á sì ju oríṣiríṣi ìwọ̀n tẹ̀lé ara wọn kí wọ́n lè fi wọ́n wéra, kí jíjìn tòótọ́ sì jáde. Ẹni tó bá ń fi rédà 2 wéra láì béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń wo ìsàlẹ̀, òkè nìkan ló ń fi wọ́n wéra.

Awakọ̀ tó mọṣẹ́ mọ ibi tí àlàfo wà. Bó bá ti mọ̀ pé rédà kan ti tẹjú mọ́ òun, yóò yí bàálù rẹ̀ kí ìhà rẹ̀ lè kọjú sí rédà náà, yóò sì sọ̀kalẹ̀. Ní àkókò yẹn kò sún mọ́ rédà, kò sì jìnnà sí i, Doppler rẹ̀ wá bá ti ilẹ̀ mu. Rédà tó ti kọ́ láti pa ariwo ilẹ̀ rẹ́ á pa òun náà rẹ́ mọ́ ọn. Bó bá fi àwọn fọ́nrán onírin tín-ín-rín ká afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ara rẹ̀ ní àkókò kan náà, àyè á gbà á láti sá lọ. Rédà tuntun kò mú àlàfo yìí kúrò pátápátá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ ọ́ di tóóró, ó sì ń rántí ibi tó yẹ kí bàálù náà ti yọ jáde.

Áńtẹ́nà oríṣi 3

Ti àtijọ́ jẹ́ áńtẹ́nà pẹrẹsẹ kan tí mọ́tò ń yí kiri, tí ọ̀pá iná ńlá kan ń bọ́ pẹ̀lú ìgbì. Bàálù JF-17 Thunder mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà gbà ní 2021 ń lo irú èyí. KLJ-7 ni rédà wọn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, ó ń rí bàálù, ó ń ya àwòrán ilẹ̀, ó sì ń darí mísáìlì. Ìṣòro rẹ̀ ni àkókò. Bí áńtẹ́nà bá ń yí ní dígírì 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, kó fi gbá dígírì 120 ní ìlà 3, á gbà á ju ìṣẹ́jú àáyá 6 lọ kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bàálù 2 tó ń kora wọn lójú bọ̀ ní mítà 600 á ti rin kìlómítà 3.6 láàárín ìgbà náà. Àti pé bí ọ̀pá iná yẹn bá kú, tàbí tí bẹ́ríìnì mọ́tò bá jẹ, rédà ti dákẹ́ nìyẹn.

Èkejì ni PESA. Áńtẹ́nà dúró, ọ̀pá iná ṣì jẹ́ ẹyọ kan, àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ kékeré ló ń dá ìgbì dúró díẹ̀díẹ̀ kí ìtànṣán lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì láì sí ohun tó yí. MiG-31 ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ wọ inú bàálù ajagun. Irbis-E náà jẹ́ PESA, wọ́n sì gbé e lé orí mọ́tò kí ojú rẹ̀ lè dé dígírì 120 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta ni AESA, òun sì ni gbogbo ayé ń sáré tọ̀ báyìí. Níbí, kò sí ọ̀pá iná ńlá kankan. Mọ́dúlù kéékèèké ló kún ojú áńtẹ́nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ju ìgbì tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gbà á. Wọ́n gbọ́dọ̀ jìnnà síra ní ìdajì gígùn ìgbì, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 1.5. Ẹ fi èyí pín ojú áńtẹ́nà sẹ̀ǹtímítà 60, mọ́dúlù 1,250 ni yóò gbà. Ti 90 á gba nǹkan bí 2,800. Bí mọ́dúlù kan bá ń ju wáàtì 10, ẹ lè ṣírò èyí tó kù fúnra yín. Rédà J/APG-1 inú F-2 ti Japan ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́ nínú bàálù ajagun. Amẹ́ríkà fi APG-63(V)2 sínú àwọn F-15 kan ní Alaska ní 2000, F-22 wọ iṣẹ́ pẹ̀lú APG-77 ní 2005, láti nǹkan bí 2013 sì ni Rafale ti ń fi AESA rọ́pò PESA tó ń lò tẹ́lẹ̀. F-35 ń lo APG-81. F-16 tuntun ń lo APG-83, wọ́n sì lè fi òun náà pààrọ̀ ti àtijọ́ nínú F-16 tó ti pẹ́.

Àwọn èèyàn rò pé AESA borí nítorí pé ó ń ríran jìnnà. Ó ń ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, nítorí ìgbì kò sọ agbára nù nínú páìpù kó tó jáde. Lójú tèmi, ohun mẹ́ta mìíràn ló ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀. Ìtànṣán ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà ó lè tọpa ohun mẹ́wàá kó sì máa wá òmíràn kiri láì jẹ́ kí ọ̀kan di òmíràn lọ́wọ́. Ó lè pààrọ̀ fíríkúẹ́ńsì ní gbogbo ìgbà tó bá ju ìgbì. Ẹ̀kẹta ni pé kì í kú lójijì. Bí mọ́dúlù 5 nínú 100 bá kú, iná dín, jíjù dín, gbígbà náà dín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀ já, rédà tó ń rí 100 kìlómítà á ṣì rí 96. Awakọ̀ lè má tilẹ̀ mọ̀. Ìtànṣán ẹ̀gbẹ́, ìyẹn agbára tó ń yọ sí ibi tí a kò fẹ́, á pọ̀ díẹ̀ sí i, ariwo ilẹ̀ á sì fi ibẹ̀ wọlé, ìyẹn ni àwọn oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wò.

AESA ní àìsàn tirẹ̀. Èkíní ni ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ìtànṣán bá yà dé dígírì 60, ojú áńtẹ́nà tó kọjú síbẹ̀ ti di ìdajì. Jíjù dín sí ìdajì, gbígbà dín sí ìdajì, 100 kìlómítà wá di 71, ìtànṣán dígírì 3.5 sì fẹ̀ di 7. Nítorí èyí ni Gripen E ti Sweden àti Eurofighter tó ń lo Captor-E fi gbé áńtẹ́nà AESA lé orí ohun tó ń yí, kí ojú rẹ̀ lè dé nǹkan bí dígírì 100 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ lè ju mísáìlì, kó yà sí ẹ̀gbẹ́ kí ó má baà máa sáré wọ ẹnu ọ̀tá, kó sì máa bá mísáìlì rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí. F-22 àti Rafale kò ní i, wọ́n dúró ní 60. Su-57 gba ọ̀nà mìíràn, ó fi rédà kéékèèké sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ imú rẹ̀.

Ìkejì ni ooru. Púpọ̀ nínú iná tó wọ mọ́dúlù ló ń di ooru, àyè tó wà láàárín wọn kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 1.5 lọ. Afẹ́fẹ́ nìkan kò tó, omi ìtutù gbọ́dọ̀ máa sàn lẹ́yìn wọn. Bàálù tó ti pẹ́ tó bá fẹ́ gba AESA gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní iná àti ìtutù tó tó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ètò ìsọdọ̀tun máa ń kọsẹ̀. Mọ́dúlù tí wọ́n fi èròjà GaN (gallium nitride) ṣe ń ju agbára púpọ̀ ju ti GaAs (gallium arsenide) àtijọ́ lọ, ó sì ń fara da ooru jù ú lọ. Síbẹ̀, bí ẹ bá lo gbogbo agbára tó fún yín, ooru tẹ́ ẹ sá fún á tún dúró dè yín.

Ẹni tó tan iná ni wọ́n ń kọ́kọ́ rí

Ẹni tó bá mú tọ́ọ̀ṣì wọ pápá lóru, èèyàn tó wà ní òkèèrè á ti rí iná rẹ̀ tipẹ́ kí òun tó rí ẹnikẹ́ni. Bí rédà ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìgbì tó lọ bá ọ̀tá, ẹ̀ẹ̀kan ló rìn. Èyí tí rédà ń dúró dè rìn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ tó ń kéde rédà inú bàálù ọ̀tá á gbọ́ rédà wa láti ibi tó jìnnà gan-an ju ibi tí rédà wa ti lè rí i lọ.

Nítorí èyí, àwọn rédà bí APG-77 àti APG-81 ni wọ́n ṣe láti fi agbára wọn ká fíríkúẹ́ńsì púpọ̀, kí wọ́n máa yí i padà, kí wọ́n sì ju ìwọ̀nba tó tó láti rí ohun tí wọ́n ń wá, débi pé ẹ̀rọ ìkéde àtijọ́ á rò pé ariwo lásán ni. Kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó lè gbọ́ wọn. Ẹ̀rọ ìkéde tuntun tí ìwé àkójọ rẹ̀ péye lè gbọ́. Ibí yìí ni iṣẹ́ tí kò ní ògo wà: ẹ̀rọ ìkéde kò mọ rédà kankan àfi èyí tí wọ́n kọ sínú àkójọ rẹ̀, orílẹ̀-èdè tí kò bá sì ní àwọn tó ń kó irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ lójoojúmọ́ á máa fi ẹ̀rọ olówó ńlá gbọ́ ìgbọ́kúgbọ̀ọ́.

Ọgbọ́n mìíràn ni pé kí ènìyàn má tan iná rárá. Su-35, Eurofighter, Rafale àti Gripen E ní ẹ̀rọ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì àti ara bàálù wá ọ̀tá, láì ju ohunkóhun. Ìdíwọ́ rẹ̀ ni pé kì í wọn jíjìn dáadáa, ìkùukùu sì ń dí i lójú. F-22 kò ní i láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rò pé ó jẹ́ àbùkù tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́. Bàálù kan tún lè pa rédà rẹ̀, kí ẹnì kejì tó wà lẹ́yìn tan tirẹ̀, kó sì fi ohun tó rí ránṣẹ́ sí i lórí ìkànnì bíi Link 16. Ní irú ìjà bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ni wọ́n ń fi wé ẹgbẹ́.

Nípa dídí rédà lọ́wọ́, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ariwo tí ọ̀tá ń jù sí wa rin ọ̀nà kan, èyí tó padà láti ara rẹ̀ rin méjì. Nítorí náà ní òkèèrè ariwo ló ń borí, bí a bá ń sún mọ́ra ohùn tòótọ́ á máa yára ga ju ariwo lọ, títí a ó fi dé ibi tí rédà á ríran já a. Àwọn tó gbọ́n jùyẹn lọ kì í pariwo. Wọ́n á gba ìgbì rédà sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á dá a padà pẹ̀lú ìdádúró díẹ̀ tí wọ́n ń fi kún un ní ìdíẹ̀-ìdíẹ̀, rédà á sì máa tẹ̀lé bàálù kan tí kò sí níbẹ̀.

Ohun tó ń bà á jẹ́ lórí ilẹ̀

Kò sí ìwé ìpolówó kan tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìbòrí imú, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ìgbì gbọ́dọ̀ gbà kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ṣírò nínípọn rẹ̀ mọ́ gígùn ìgbì. Bí ẹnì kan bá kun ọ̀dà lé ọ̀dà láì wọn nínípọn rẹ̀, tàbí tó lo ọ̀dà tó ní irin nínú, agbára á sọnù, ìtànṣán á sì yà díẹ̀. Bí omi òjò bá wọ ibi tó ti là, á jókòó sínú rẹ̀, á di yìnyín lókè, á sì máa ya àwọn ìpele rẹ̀ kúrò lára wọn. Àwọn oníṣẹ́ máa ń fi òòlù kékeré kan án díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè fi etí mọ ibi tó ti ṣófo, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá bíi tiwa, a kì í fi àyẹ̀wò yẹn jáfara.

Bí wọ́n bá tú rédà tí wọ́n dá a padà, tí ojú rẹ̀ fi dígírì 1 péré yà, ohun tó wà ní 100 kìlómítà á hàn ní ibi tó fi kìlómítà 1.75 yàtọ̀ sí ibi tó wà. Omi ìtutù tó bá ń jò, tàbí àsẹ́ rẹ̀ tó bá dí, á mú kí rédà pa ara rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ooru bá ti ké. Ọyẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dí rédà sẹ̀ǹtímítà 3 lójú, eruku ti kéré jù fún ìgbì rẹ̀. Kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tó ń wo ooru ló ń jìyà ọyẹ́. Òjò líle ló ń bá rédà jà: ní òjò tó ń rọ̀ ní mìlímítà 50 láàárín wákàtí, ìgbì 10 GHz ń sọ ju dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 1 (nǹkan bí ìdá kan nínú 5 agbára rẹ̀) nù ní kìlómítà kan. Bí òjò bẹ́ẹ̀ bá gùn tó kìlómítà 10, ní àlọ àti àbọ̀, ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú 100, rédà 100 kìlómítà sì ti di èyí tí kò rí ju 32 lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan rédà lórí ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rọ epo nítòsí, tàbí tí ènìyàn bá wà níwájú rẹ̀.

Ìbéèrè àwọn olùgbọ́

Ẹnì kan béèrè bóyá rédà orí ilẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn lè rí bàálù tó ń fi ara pamọ́. Ó lè rí i. Ìfarapamọ́ F-22 àti F-35 ni wọ́n ṣe mọ́ ìgbì kúkúrú jù lọ. Nígbà tí ìgbì bá gùn tó ìyẹ́ tàbí ìrù bàálù, ọgbọ́n ìrísí kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 1999, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Serbia kan tí Zoltán Dani jẹ́ ọ̀gá fún já F-117 ti Amẹ́ríkà lulẹ̀ pẹ̀lú mísáìlì S-125, rédà P-18 tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà 2 sì wà lára ohun tí wọ́n fi wá a. Ìtànṣán irú rédà bẹ́ẹ̀ fẹ̀, ó ń sọ pé nǹkan wà ní àdúgbò kan, kò lè fi mísáìlì lé e dé ibẹ̀. Nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ náà. Ìgbì ilé iṣẹ́ rédíò FM, tó pọ̀ nílùú yìí, ṣeé lò bákan náà fún ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó lè gbà á, àbùkù rẹ̀ sì jọ ara wọn.

Ìyá kan béèrè ìdí tí a kò fi kọ́ rédà ńlá sórí òkè kan ní Ìbàdàn kí á sì fi owó bàálù sílẹ̀. Ayé rí roboto, mà. Rédà tí áńtẹ́nà rẹ̀ ga ní mítà 10 kò lè rí bàálù tó ń fò ní mítà 100 ju nǹkan bí 54 kìlómítà lọ, ìyẹn ni Ọ̀yọ́. Ẹ gbé rédà kan náà lọ sí mítà 10,000 lókè, ojú rẹ̀ á dé 450 kìlómítà, ó ti kọjá Àbújá.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan: ṣé AESA ló yẹ kí Nàìjíríà máa wá? Ìjà tí à ń jà ní àríwá kò ní bàálù ọ̀tá nínú. Bàálù A-29 Super Tucano méjìlá tó dé ní 2021 kò ní rédà tó ń wá bàálù, kámẹ́rà tó ń wo ooru ló ń fi ṣiṣẹ́, ó sì tó fún ohun tí wọ́n rà á fún. Bàálù jẹ́ẹ̀tì M-346 tí a pàṣẹ fún lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Leonardo ti Ítálì jẹ́ 24. Bí rédà bá máa wúlò nínú ìjà wa yìí, èyí tó ń ya àwòrán ilẹ̀ tó sì ń yọ ohun tó ń rìn jáde ni. Fún àwòrán tó lè ya ohun mítà 1 sọ́tọ̀, àyè fíríkúẹ́ńsì tí ìgbì náà gbà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 150 MHz (mílíọ̀nù hertz 150). Fún sẹ̀ǹtímítà 30, 500 MHz. Ọ̀kadà tó ń sáré lójú ọ̀nà, rédà bẹ́ẹ̀ á mú un. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lábẹ́ igi ni ìṣòro: eré rẹ̀ kò ju mítà 1 ààbọ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ìtànṣán tó fẹ̀ sì ń mú kí ilẹ̀ tó dúró náà dà bíi pé ó ń rìn ní eré tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí bàálù náà bá ń fò lọ́ra, ilẹ̀ á dín ariwo kù. Ìdí nìyí tí àwọn ológun fi ń gbé iṣẹ́ yẹn fún bàálù tí kì í sáré, kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì.